Ìbọn Gígùn: Iṣẹ́ Ọwọ́ Tó Fara Pamọ́ Sínú Irin àti Igi

Bí wọ́n bá gbé ìbọn gígùn ilẹ̀ Pennsylvania kan kalẹ̀ níwájú ènìyàn, idẹ ló máa ń kọ́kọ́ fa ojú. Idẹ wà ní ìdí rẹ̀, idẹ wà lábẹ́ ibi tí ìka ń wọ̀, idẹ sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ àpótí kékeré kan sínú igi tí wọ́n sì fi ìdérí bò ó. Lẹ́yìn idẹ, igi ló kàn: igi maple abilà, tí ìlà ara rẹ̀ ń ṣí nípò bí a ṣe ń yí i sí ìmọ́lẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í kọ́kọ́ wo ibẹ̀ yẹn. Wọ́n á gbé ìbọn náà súnmọ́ fèrèsé, wọ́n á wá wo ààlà tó wà láàrin irin àti igi. Bí wọ́n bá rí àlàfo tí irun orí lè wọ̀, wọ́n á rọra dá a padà sórí tábìlì, wọn ò sì ní wí nǹkan kan.

Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ṣí wá láti Jámánì àti Switzerland ló dá irú ìbọn yìí sílẹ̀ ní gúúsù ìlà-oòrùn Pennsylvania ní ọ̀rúndún 18. Èyí tí wọ́n mọ̀ nílé kúrú, ó ki, ọta rẹ̀ sì tóbi. Ìbọn àwọn ọdẹ inú igbó Jámánì ni. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ọdẹ lè wọ igbó kó lo ọ̀pọ̀ oṣù níbẹ̀, ìwọ̀nba òjé àti ẹ̀tù tó bá gbé dání náà ló ní. Bí ọta ṣe kéré sí i nìyẹn, kí òjé má baà tètè tán. Ọ̀pá ìbọn fúnra rẹ̀ wá ń gùn sí i, títí ó fi tó ínǹṣì 42, 44, àní 46 pàápàá. Gígùn náà ń fún ẹ̀tù láyè láti jó tán kí ọta tó jáde, ó sì tún ń jẹ́ kí irin ìfojúsùn tiwájú jìnnà sí tẹ̀yìn, tó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ojú á tètè rí i.

Lancaster ni ìlú tó lókìkí jù nídìí iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni Jacob Dickert, tí wọ́n bí ní Jámánì ní 1740, ti ṣiṣẹ́ títí ó fi darúgbó. Ní Christian's Spring lẹ́bàá Nazareth, àwọn ìjọ Moravia ní ilé iṣẹ́ ìbọn tiwọn, níbi tí Andreas Albrecht ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, kí Christian Oerter tó gba ipò ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà pinnu ní oṣù kẹfà ọdún 1775 láti kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun mẹ́wàá tó mọ ìbọn yìí í lò jọ, mẹ́fà nínú wọn ni wọ́n ní kó ti Pennsylvania wá. Maryland àti Virginia pín mẹ́rin tó kù, méjì méjì.

Ẹni tó bá mọ ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu ni wọ́n ń gbà ki àwọn méjèèjì: ẹ̀tù á kọ́kọ́ wọlé, ọta á tẹ̀lé e, ọ̀pá á ti gbogbo rẹ̀ dé ìdí. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ wà nínú ihò. Inú ṣakabùlà ń dán ni, ọta wẹẹrẹ ni wọ́n sábà máa ń dà sí i, wọ́n á sì fọ́n ká. Inú ìbọn gígùn ní poro, méje lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n ń wọ́ bọ̀ láti ìdí dé ẹnu. Ọta kan ṣoṣo ló ń gba ibẹ̀ kọjá, á sì máa pòòyì bó ti ń jáde. Pípòòyì yẹn ni kì í jẹ́ kó yà bàrá lójú afẹ́fẹ́.

Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti gba ọjà lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ. Ìbọn tí à ń ki láti ẹ̀yìn ti gbòde, ó yá, ó sì rọrùn. Ní àwọn òkè Tennessee, Kentucky àti North Carolina, àwọn kan ṣì ń lo ìbọn bàbá wọn nìṣó. Alvin York, ọmọ Pall Mall ní Tennessee, tí Amẹ́ríkà mọ̀ sí akọni Ogun Àgbáyé Kìíní, inú ìdíje màlúù ló dàgbà sí: wọ́n á pín ẹran màlúù sọ́nà, ẹni tí ọta rẹ̀ bá súnmọ́ àárín àmì jù lọ ni yóò kọ́kọ́ mú ìpín tó wù ú. Láyé àtijọ́, kódà òjé tó bá wọ inú igi tí wọ́n gbé àmì kọ́ máa ń jẹ́ ìpín kan lára ẹ̀bùn. Ẹni tó bá gbà á á lọ fi àáké la igi náà, á sì yọ́ òjé náà rọ ọta tuntun.

Ní 1931, àwọn kan ṣe ìdíje ìbọn àtijọ́ ní Portsmouth ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ní 1933, wọ́n dá ẹgbẹ́ National Muzzle Loading Rifle Association sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì ní pápá ìyìnbọn tirẹ̀ lónìí ní Friendship, abúlé kékeré kan ní Indiana, níbi tí àwọn olólùfẹ́ ìbọn yìí ti ń pé jọ ní oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni yíyin ìbọn, ọ̀tọ̀ ni rírọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ìbọn tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn baba wọn ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi iná, òòlù àti ayùn ṣe odidi ìbọn látòkè délẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán.

Ọkùnrin tí wọ́n máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ bá dé ibí yìí ni Wallace Gusler, tó jẹ́ ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ìbọn nígbà kan rí ní Colonial Williamsburg, ìlú àtijọ́ ní Virginia tí wọ́n tún ṣe kó lè rí bó ti rí ní ọ̀rúndún 18. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó mọ̀, ara àwọn ìbọn àtijọ́ fúnra wọn ló ti kọ́ ọ: ó ń tú wọn, ó ń wo ojú ayùn níbi tí ẹni tó ṣe wọ́n kò retí pé ẹnikẹ́ni yóò wò láéláé. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n ya fíìmù nípa iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n pè é ní Gunsmith of Williamsburg, David Brinkley tó jẹ́ oníròyìn tẹlifíṣọ̀n ló sì ń sọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Fún bíi wákàtí kan, ojú wa á rí irin, idẹ àti pákó bí wọ́n ṣe ń di ìbọn lábẹ́ ọwọ́ ọkùnrin kan. Mo ti wo fíìmù iṣẹ́ ọwọ́ tó pọ̀. N kò tíì rí èyí tó dára tó o.

Irin pẹlẹbẹ gígùn kan ni ọ̀pá ìbọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi iná rọ̀ ọ́, wọ́n á ká etí rẹ̀ méjèèjì jọ yípo ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, títí etí méjèèjì á fi kanra. Àwòṣífìlà wà nínú ohun tó kù, nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ jó etí méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan. Irin tó pupa kò tíì tó. Ó gbọ́dọ̀ funfun, kó máa dán bí ẹni pé omi wà lójú rẹ̀, kí iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà lára rẹ̀. Bí kò bá gbóná tó, etí méjèèjì á kàn fara kanra lásán ni, ẹ̀tù á sì wá tú àṣírí náà lọ́jọ́ kan. Bó bá gbóná jù, irin á jóná. Kò sí ohun èlò kankan tó ń wọn gbígbóná náà bí kò ṣe ojú alágbẹ̀dẹ. Yóò fa irin jáde nínú èédú, yóò ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀, òòlù á sọ̀kalẹ̀ kíákíá, yóò sì yọ ọ̀pá náà kó tó lẹ̀ mọ́ inú. Ìwọ̀nba ínǹṣì díẹ̀ ló ń rí jó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó di inú iná padà. Alágbẹ̀dẹ wa tó bá wọ ibẹ̀ kò ní béèrè ohun tí ẹwìrì wà fún, kò sì ní béèrè ìdí tí wọ́n fi pa fèrèsé dé: nínú òkùnkùn ni àwọ̀ iná ti ń sọ òótọ́.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni bí ọwọ́ ṣe ń yí padà. Òòlù àkọ́kọ́ lágbára, nítorí irin ṣì rọ̀ dáadáa. Bí irin bá ti ń tutù, òòlù náà á máa fúyẹ́ sí i, títí á fi kù díẹ̀ kó jẹ́ pé ó kàn ń fọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti rẹ alágbẹ̀dẹ.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á lu ihò náà kó lè ṣe déédéé, wọ́n á fi irin onígun mẹ́rin gígùn máa yí i nínú, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn tó ki jù ú lọ díẹ̀ tún yí i. Ihò tó gùn tó báyìí kì í ṣàì tẹ̀ díẹ̀. Láti mọ ibi tó ti tẹ̀, wọ́n á fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú ọ̀pá náà kọjá, wọ́n á nà án gan-an, wọ́n á wá fojú wo bó ṣe ń bá ògiri inú pàdé. Níbi tí okùn bá ti fi ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni òòlù ń lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi ayùn yọ ojú mẹ́jọ síta ọ̀pá, èyí tí kò rọrùn, nítorí pé ọ̀pá náà kì í ṣe ọgbọọgba. Ó ki nídìí, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ń lọ sí iwájú, ó sì tún gbòòrò díẹ̀ lẹ́nu. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ojú lè má rí i. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n: ìbọn tí wọ́n yọ ọ̀pá rẹ̀ báyìí máa ń dúró jẹ́jẹ́ ní èjìká, kì í fi orí sọlẹ̀.

Poro ni iṣẹ́ tó kàn, ibẹ̀ sì ni mo ti ń gbóṣùbà fún àwọn ará àtijọ́ jù. Wọ́n ní tábìlì gígùn kan tí òpó igi rogodo wà lórí rẹ̀, òpó tí wọ́n ti gbẹ́ ìlà wíwọ́ sí lára. Bí wọ́n bá ń fa òpó náà, á máa yí díẹ̀díẹ̀ bí ìlà náà ṣe darí rẹ̀. Ní iwájú òpó yìí ni wọ́n so ọ̀pá igi hickory mọ́, inú ọ̀pá hickory náà sì ni wọ́n fi ehin irin kékeré kan sí, tí kò ju ìka ọmọdé lọ ní gígùn. Ehin yìí ń ha irin nínú ihò. Ohun tó ń ha kúrò lẹ́ẹ̀kan kò ju ekuru lọ. Wọ́n á fà á gba poro kìíní, wọ́n á yí ọ̀pá ìbọn sí ipò kejì, títí wọn á fi yí i po. Nígbà tí ehin kò bá ha nǹkan kan mọ́, wọ́n á yọ ọ́ síta, wọ́n á gé bébà tínrín kan sábẹ́ rẹ̀ kó lè ga díẹ̀, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti poro kìíní. Bébà lé bébà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi igi ṣe, tí bébà ń wọ̀n, ló ń yọ poro tó ń gbé ọta lọ tààrà sí ibi tó jìnnà.

Ẹ̀rọ ìṣáná náà ní àdììtú tirẹ̀. Sípíríǹgì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó tóbi jù ń ta irin tó di òkúta mú síwájú. Kékeré kan ń ti irin tí ìka ń fà padà sí ipò rẹ̀. Ẹ̀kẹta, tó wà lóde, ń mú ìdérí àwo ẹ̀tù dúró. Bí òkúta bá já lu ojú irin líle, ó ń ha irin náà, èyí tó ha kúrò lára irin á di iná, á sì bọ́ sínú àwo. Bí sípíríǹgì òde bá le jù, òkúta á fọ́. Bó bá rọ̀ jù, ìdérí á ti fò kúrò kí òkúta tó ṣiṣẹ́ tán. Àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń gbé ẹ̀rọ náà sí etí kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé dídún rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fà á sẹ́yìn ti sọ bí ayùn ṣe ṣiṣẹ́ nínú. Irin tí òkúta ń lù náà gbọ́dọ̀ le lójú nìkan, kó má baà fọ́: wọ́n á kó o sínú àpótí pẹ̀lú èédú egungun àti èédú awọ, wọ́n á jẹ́ kó pupa nínú iná fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á sì dà á sínú omi lójijì.

Òkúta fúnra rẹ̀, ibi méjì ló ti lókìkí: ilẹ̀ Faransé, tí tirẹ̀ pọ́n bí oyin, àti Brandon ní Suffolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí tirẹ̀ dúdú. Àwọn tó ń la òkúta ní Brandon kò ṣíwọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ogun Yúróòpù pa ìbọn olókùúta tì. Ọjà wọn ti yí sí Áfíríkà, pàápàá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ń kó o ránṣẹ́ síbẹ̀ títí wọ inú ọ̀rúndún 20. Ọdẹ ilẹ̀ wa àti ẹni tó ń fi ìbọn gígùn ṣeré ní Indiana ti jọ na ọwọ́ sí ihò òkúta kan náà.

Lónìí, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń rọ ọ̀pá ìbọn fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é fún ìgbádùn, dókítà, awakọ̀ tírélà, olùkọ́, àgbẹ̀, máa ń ra ọ̀pá àti ẹ̀rọ ìṣáná, wọ́n á sì fi ọwọ́ ara wọn ṣe igi àti gbogbo ohun tó kù. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹgbẹ́ Friendship fi kó àwọn ọ̀gá jọ sí Western Kentucky University ní Bowling Green láti kọ́ àwọn ènìyàn níṣẹ́. Hershel House ti Woodbury ní Kentucky wà lára àwọn tí orúkọ wọn tàn níbẹ̀. Òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀, Frank àti John, fi ìbọn onírin dúdú tí kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀ kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ìrísí ju idẹ lọ. Ní 1996, àwọn oníṣẹ́ dá Contemporary Longrifle Association sílẹ̀, wọ́n sì ń pàtẹ iṣẹ́ wọn ní Lexington ní oṣù kẹjọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí igi. Láti tẹ́ ọ̀pá onígun mẹ́jọ sínú pákó maple tó le bí irin, wọ́n á kun èéfín àtùpà tí wọ́n pò mọ́ òróró sí ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ibi tí wọ́n gbẹ́ fún un, wọ́n á gbé e jáde. Níbi tí dúdú bá wà, ibẹ̀ ni igi ti ga jù. Wọ́n á fi ṣísẹ́ẹ̀lì ha dúdú náà kúrò, bí wọ́n bá tún tẹ ọ̀pá wọlé, dúdú á hàn níbòmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àmì dúdú mélòó kan ni wọ́n ń rí. Nígbà tí iṣẹ́ bá fẹ́ parí, gbogbo ojú igi náà á dúdú lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni pé irin ti dùbúlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá kánjú tó ha ibi tí kò dúdú ti ba nǹkan jẹ́, kò sì sí bí wọ́n ṣe ń dá igi padà. Ẹ̀rọ ìṣáná nílò irú iṣẹ́ yìí kan náà, ṣùgbọ́n inú tirẹ̀ rí gbágungbàgun: sípíríǹgì, ìdè, irin tó ń yí, olúkúlùkù nílò ihò tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ihò tó fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, nítorí pé ọrùn ìbọn wà lẹ́yìn ibẹ̀ gan-an, ibi tó tètè máa ń ṣẹ́.

Àṣìṣe tí mo rí jù lára ìbọn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé igi pọ̀ jù. Ẹ̀rù ló ń ba ọwọ́. Wọ́n á fi igi sílẹ̀ yíká ẹ̀rọ ìṣáná, wọ́n á fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, ìbọn náà á wá rí wúruwùru bí ẹni tó wọ aṣọ ẹlòmíràn. Àwọn ará Lancaster kò bẹ̀rù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, igi wọn tín-ín-rín débi pé ènìyàn á máa rò pé ọwọ́ lásán á fọ́ ọ. Kì í ṣe fífín tàbí idẹ ló ń jẹ́ kí ìbọn lẹ́wà, ohun tí wọ́n yọ kúrò ni. Fífín náà dára níbi tó bá mọ níwọ̀n: òdòdó kan tó ń ká lẹ́yìn ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń fara tì, tí wọ́n gbẹ́ igi tó yí i ká lọ sílẹ̀ kó lè yọ sókè. Nígbà tó yá, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ fàdákà mọ́ ìbọn níbi gbogbo, oṣù, ìràwọ̀, ẹja, ọkàn. Ojú tèmi kò gbà á.

Àwọ̀ igi náà kì í ṣe ọ̀dà. Omi kíkan tí wọ́n ti jẹ́ kí irin yòrò sínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi pa á. Bó bá gbẹ, wọ́n á mú irin gbígbóná súnmọ́ ọn, ojú wọn báyìí ni igi náà á ṣe ti funfun bọ́ sí pupa rẹ́súrẹ́sú, ìlà ara rẹ̀ á sì jáde. Òróró ló kù, wọ́n á máa fi ọwọ́ pa á mọ́ ọn léraléra.

Ní 1971, olè gbé ìbọn kan tí Christian Oerter ṣe ní 1775 kúrò ní ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Valley Forge. Ó lé ní ogójì ọdún kí wọ́n tó rí i padà. Oníṣòwò ohun àtijọ́ tó rà á láìmọ̀ kọ́kọ́ rò pé ayédèrú ni. Kò yà mí lẹ́nu: àwọn tó ń ṣe ìbọn yìí lónìí mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ojúlówó pàápàá ti wá ń di ohun tí à ń fura sí. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ ìbọn tuntun di ogbó, wọ́n á ha igi rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí irin dógùn-ún, kó lè rí bí ohun tó ti lo igba ọdún. Mo gbà pé ọwọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìbọn tí Oerter gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ tó parí rẹ̀ ń dán yanran. Lódì kejì ẹ̀wẹ̀, Jim Kibler ní Ohio ń fi ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí gbẹ́ igi ìbọn, débi pé ẹni tó rà á lè tẹ́ ọ̀pá sínú rẹ̀ láìgbẹ́ nǹkan púpọ̀. Àwọn àgbà kan kọminú. Èmi kò rí i bí ẹ̀gàn, nítorí pé ìrísí ìbọn náà péye, ẹni tó bá sì ti di irú rẹ̀ mú lọ́wọ́ rí á mọ bí èyí tó fẹ́ gbẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe yẹ kó rí.

Wọ́n ń rọ ìbọn yìí láti yìn ín ni. Ẹ̀tù ń ti inú ìwo bọ́ sínú òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ìwo àgbọ̀nrín ṣe, láti ibẹ̀ ló ti ń wọ ẹnu ìbọn. Ẹ̀tù dúdú nìkan ni o. Ẹ̀tù òde òní tí kì í rú èéfín lè fa ọ̀pá náà ya. Wọ́n á tẹ́ àkísà tí wọ́n fi ọ̀rá tàbí itọ́ rin sórí ẹnu rẹ̀, wọ́n á gbé ọta lé e. Ọta náà kéré ju ihò lọ díẹ̀: ti ihò ínǹṣì 0.50 sábà máa ń jẹ́ 0.49, kò sì wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 11 àti ààbọ̀ lọ. Àkísà ló ń dí àlàfo tó kù, òun ló ń wọ inú poro, tó sì ń gbé pípòòyì fún ọta. Lẹ́yìn yíyìn, ẹni tó gbọ́n á lọ ṣa àkísà rẹ̀ nílẹ̀ níwájú pápá. Bí ó bá jóná tàbí tó ya, nǹkan kan wà nínú ihò tàbí nínú ọ̀rá tó yẹ kó tún ṣe. Bí ó bá rí rogodo, tí etí rẹ̀ kàn tú díẹ̀, ara ti dá.

Ẹ̀tù díẹ̀ ló wà nínú àwo, òkúta já, iná sọ lẹ́bàá ojú, ìgbà yẹn ni ìbọn tó wá dún. Láàrin iná àti ìró yẹn ni ìbọn ti ń mọ ẹni tó di òun mú. Ara tó bá gbọ̀n nítorí iná á gbé ọta lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í mọ ìgbà tí ìbọn parí iṣẹ́. Ojú rẹ̀ ṣì wà lórí àmì nígbà tí èéfín bá bò ó mọ́lẹ̀. Ní Friendship, wọ́n máa ń gbé àáké dúró, wọ́n á fi nǹkan ẹlẹgẹ́ sí apá ọ̀tún àti òsì rẹ̀: ọta gbọ́dọ̀ lu ẹnu àáké, kó là sí méjì, kí ìdajì kọ̀ọ̀kan sì fọ́ èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní àwọn òkè Tennessee, wọ́n ń dùbúlẹ̀, wọ́n á gbé ọ̀pá wúwo lé orí ìtì igi, wọ́n á yìn ín sí àmì tó jìnnà tó yáàdì 60. Okùn ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́: láti àárín àmì dé àárín ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹni tí okùn rẹ̀ bá kúrú jù ló jáwé olúborí. Èyí wù mí ju kíka máàkì lọ, nítorí pé kò sí ihò tí kò ní sọ tirẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, omi gbígbóná gbọ́dọ̀ gba inú ọ̀pá náà kọjá. Imí-ọjọ́ àti eérú tó wà nínú rẹ̀ ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, wọ́n sì ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹni tó bá fi di ọ̀la á bá ìpẹtà nínú poro tí wọ́n fi bébà wọ̀n.

Nílẹ̀ wa, òfin ní kí ẹni tó bá fẹ́ ní ṣakabùlà pàápàá gba ìwé àṣẹ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1968 kò ka irú ìbọn àtijọ́ yìí mọ́ àwọn ìbọn yòókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kan lè ní òfin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó nílò ìwé àṣẹ kankan láti lọ wòran. Ilé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn ní Williamsburg ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Virginia, Maryland àti agbègbè wọn, ẹ mú àwọn ọmọ yín dání lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí iná bá wà nínú èédú, ẹ sì béèrè ohun tí kò bá yé yín. Iṣẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ni láti dáhùn.